Orúkọ Kọ́ Ló Ń Gbé Ọkọ̀ Dé Èbúté

Ní èbúté tí bàbá mi ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní etí ọ̀sà Èkó, ìjà kan wà tí kì í parí. Bí àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ bá ti pàdé ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n tó kí ara wọn tán, ọ̀kan á ti sọ pé MerCruiser ni ọba ẹ́ńjìnnì. Èkejì á ní irọ́ ni, pé kò sí èyí tó tó Volvo Penta. Ẹni kẹta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á máa rẹ́rìn-ín, á ní àwọn méjèèjì ò mọ nǹkan kan. Wọn á pariwo títí ẹlẹ́rìndòdò ọwọ́ wọn á fi gbóná. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irinṣẹ́ bàbá mi, tí mò ń fi kẹrosíìnì fọ nọ́ọ̀tì, tí mo sì ń gbọ́ ìjà yìí. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo sì ti wà ní SS 2 báyìí. Ó ti tó àkókò kí èmi náà sọ tèmi.

Tèmi ni pé ìjà orúkọ yìí kì í ṣe eré lásán. Ó ń náni lówó, ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aláìṣẹ̀, bí a kò bá sì ṣọ́ra, yóò gba ẹ̀mí. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì nítorí orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, tí kò sì bèèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, aṣọ ló wò tó fi fẹ́ ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Ẹ ti rí ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Ìkòròdú. Gbogbo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló wà níta, tí wọ́n gbé kọ́ ìdí ọkọ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní outboard. Sterndrive yàtọ̀. Inú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà, lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ó sì dà bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló gba ojú ihò kan jáde ní ìdí ọkọ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, tó sì ń yí pùròpẹ́là. Ẹsẹ̀ yìí ló ń yí sọ́tùn-ún sósì kí ọkọ̀ lè yà, òun náà ló sì ń gbé sókè bí omi kò bá jìn. Nítorí pé ó gbọ́dọ̀ máa yí, a kò lè fi irin dí ihò náà pa. Rọ́bà ni wọ́n fi ń dí i, rọ́bà tó ká jọ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí sọ́kàn, torí òun ni ẹjọ́ tí mo gbé wá.

Oníbàárà bàbá mi kan ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ní sterndrive. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Bàbá mi sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á pààrọ̀ rọ́bà ìdí ọkọ̀ yìí, ó ti gbó." Ó ní bàbá mi fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òun ni, pé ẹ́ńjìnnì olórúkọ ńlá ni tòun, kì í ṣe gbàrọgùdù. Ní oṣù Kejìlá, ó kó ìyàwó, àwọn ọmọ àti àlejò sínú ọkọ̀, ó di Ìlàṣẹ. Bùrọ̀dá kan tí gbogbo wa fẹ́ràn ló ń wa ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní ẹsẹ̀ òun ti tutù. Omi ti ń wọlé. Pọ́ńpù tó ń fa omi síta ṣiṣẹ́ títí bátìrì fi kú, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì kú. Ọlọ́run ló fi apẹja méjì ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn apẹja náà ló so okùn mọ́ ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì fà á dé èbúté. Kò sí ẹni tó kú.

Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde nínú omi, rọ́bà yẹn ti ya níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀gá náà ṣe? Ohun méjì ni. Ó lé awakọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, ó ní àìmọ̀kan rẹ̀ ló ba ọkọ̀ jẹ́. Ó sì ta ọkọ̀ náà, ó ra òmíràn tó ní ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ kejì, ó ní òun ti bọ́ lọ́wọ́ orúkọ burúkú.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọkọ̀ tuntun náà wá fún àyẹ̀wò kí ọdún Àjíǹde tó dé. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ bàbá mi kò wọ ibi tí rọ́bà náà ti ká jọ dáadáa, nítorí náà ó ní kí n ki ọwọ́ tèmi bọ̀ ọ́. Mo fi ìka tọ ojú ẹwìrì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kò tó, ìka mi bọ́ sínú ibi tó ti sán. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀, ihò kan náà. Nígbà tí bàbá mi sọ fún ọ̀gá náà, ohun tó kọ́kọ́ wí ni pé, "Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́ o."

Gbólóhùn yẹn ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn àwọn orúkọ tí wọ́n ń tìtorí wọn jà. Ní ọdún 1959, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ojú omi ní New York, Volvo Penta ti orílẹ̀-èdè Sweden gbé sterndrive kan tí wọ́n pè ní Aquamatic jáde. Jim Wynne, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà tó gbé èrò náà lọ bá wọn, ti ṣiṣẹ́ rí lọ́dọ̀ Carl Kiekhaefer, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Mercury sílẹ̀. Ní ọdún 1961, Mercury náà gbé MerCruiser tirẹ̀ jáde. Ẹni tó ti jẹun ní agboolé kan ló gbé ọgbọ́n wọ agboolé kejì. Mọ̀lẹ́bí ni àwọn tí ẹ pè ní ọ̀tá yìí.

Èyí tó wà nínú wọn tún jọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ̀ General Motors ti Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti ń ra èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù tí wọ́n ń lò: oní-sílíńdà mẹ́fà onílítà 4.3, àti oní-sílíńdà mẹ́jọ onílítà 5.0 àti 5.7. Ọmọ ìyá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Chevrolet ni. Oníkálukú á fi ohun èlò ojú omi tirẹ̀ sí i, á kùn ún ní ọ̀dà tirẹ̀, á lẹ orúkọ mọ́ ọn. Ọdún 2014 ni Mercury tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta oní-sílíńdà mẹ́fà onílítà 4.5 tí wọ́n ṣe fúnra wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àlòkù tó wà ní èbúté wa, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń tìtorí wọn bú ara wọn, ọkàn kan náà ló ń lù nínú wọn.

Ẹni tó bá sì rò pé orúkọ ńlá kì í kú, kí ó rántí OMC. Ilé iṣẹ́ yìí ló ni Johnson àti Evinrude, ó sì ń ṣe sterndrive tó ń jẹ́ Cobra tó bá àwọn méjì yìí du ọjà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, gbèsè mì ín káló. Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ tó jogún Evinrude náà ní àwọn kò ṣe é mọ́. Ọkọ̀ tó ní Cobra ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ohun èlò rẹ̀ yóò rìn jìnnà. Àwọn tó ń búra pẹ̀lú orúkọ yẹn nígbà kan rí, kí ni orúkọ ṣe fún wọn?

N kò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn o. Irọ́ nìyẹn yóò jẹ́, bàbá mi kò sì tọ́ mi láti purọ́ nípa iṣẹ́. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń pariwo. Ẹ wo rọ́bà kékeré tó ń fa omi sókè láti fi tu ẹ́ńjìnnì lára, tí à ń pè ní impeller. Nínú MerCruiser tó ń jẹ́ Alpha One, inú ẹsẹ̀ ló wà. Kí a tó lè pààrọ̀ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ kúrò lómi, kí a sì tú ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Nínú MerCruiser tó ń jẹ́ Bravo àti nínú Volvo Penta, ara ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ ni pọ́ńpù náà wà. A lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú omi. Nínú ọ̀sà wa tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ pọ̀ sí, tó sì ń tètè jẹ rọ́bà, ìyàtọ̀ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Bravo àti Alpha, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́! Ẹni tó ní "MerCruiser ni mo fẹ́" tàbí "n kò fẹ́ MerCruiser" kò tíì sọ nǹkan kan.

Jíà wọn náà yàtọ̀. Ti Alpha wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, eyín irin ló ń kọ́ ara wọn, ẹ̀rọ kan sì ní láti pa iná ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá bíńtín kí ó tó lè yọ. Ti Bravo àti ti Volvo Penta wà lókè ẹsẹ̀, kóònù ló ń gbá a mú, ó sì máa ń wọlé wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n Alpha fúyẹ́ jù wọ́n lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Ní ọdún 1982, Volvo Penta gbé Duoprop jáde, ìyẹn pùròpẹ́là méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, tí ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún tí èkejì ń yí sósì. Ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ rìn gún régé, pàápàá nígbà tí ó bá fẹ́ gúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Mercury fi Bravo Three dá wọn lóhùn. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá forí sọ gẹdú tó ń léfòó ní ọ̀sà, pùròpẹ́là méjì ni ẹ ó rà, kì í ṣe ẹyọ kan.

Wàyí o, kí ni ohun tó ń pa sterndrive ní ìlú wa ní tòótọ́? Omi ni, àti ọwọ́ wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun oníyọ̀ ń wọ inú ọ̀sà Èkó. Nígbà òjò, omi odò ń ya wọ̀ ọ́, iyọ̀ á dínkù, koríko olódòdó aláwọ̀ èsè àlùkò á sì bo ojú omi, á máa lọ́ mọ́ pùròpẹ́là. Alumíníọ̀mù ni ẹsẹ̀ MerCruiser, òun náà ni ẹsẹ̀ Volvo Penta. Omi iyọ̀ ń jẹ ẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń de irin kékeré mọ́ ọn, kí omi lè jẹ irin náà dípò ẹsẹ̀. Ẹbọ ni irin yẹn, ẹbọ kì í sì í ṣiṣẹ́ títí láé. Bí ó bá ti jẹ dé ìdajì, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Síńkì dára nínú omi iyọ̀, ṣùgbọ́n nínú omi aláìníyọ̀, nǹkan á bò ó lójú, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ló bá ọ̀sà wa mu, torí omi wa ń yí padà. Mélòó nínú àwọn tó ń jà lọ́jọ́ Sátidé ló mọ irú èyí tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀?

Ewu mìíràn tún wà tí ìjọra àwọn ẹ́ńjìnnì yìí fà. Nítorí pé ọmọ ìyá ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni, àwọn kan máa ń lọ ra sítátà tàbí ọ́tánétọ̀ mọ́tò tókùnbọ̀, kí wọ́n fi sínú ọkọ̀ ojú omi kí owó lè dínkù. Á bọ́ sí i, á sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti ojú omi ni wọ́n dé pa kí ìṣáná iná má bàa ta jáde. Ti mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn epo lọ. Nínú ọkọ̀ ojú omi, òórùn bẹntiróòlù wúwo, á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, á dúró síbẹ̀. Ìṣáná kan tó láti sọ ọ́ di bọ́ǹbù. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tan fáànù tó ń fẹ́ òórùn jáde fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí a tó ṣíná. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ tó lè gba ẹni tó bá fo ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn là.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Wọn yóò ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, àti pé ilé iṣẹ́ kì í ṣàdédé lórúkọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní èbúté wa láti ọdún márùn-ún. Ìwé ìlò àwọn méjèèjì ló ní kí a máa yẹ rọ́bà ìdí ọkọ̀ wò déédéé. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ilé iṣẹ́, ṣé kò yẹ kí ó gbọ́ràn sí ilé iṣẹ́ náà lẹ́nu?

Àwọn mìíràn yóò ní kí ni ọmọdébìnrin mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Mo dá wọn lóhùn pé ìka ọmọdébìnrin ló rí ibi tó sán.

Àwọn tó kù yóò bi mí pé, "Èwo gan-an ni kí á rà?" Bí ẹ bá fi dandan mú mi, n ó ní ẹ ra èyí tí pọ́ńpù omi rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, kí omi ọ̀sà má sì máa la inú ẹ́ńjìnnì kọjá. Ẹ ra irú èyí tí omi tútù àti kúláǹtì wà ní títì pa nínú rẹ̀, tí omi ọ̀sà kàn ń tù ú láti ìta. Àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì ló ń tà á. Lẹ́yìn náà, ẹ yan èyí tí mẹkáníìkì tó wà nítòsí yín ní irinṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì mọ̀ ọ́n tú. Bí ẹ kò bá lè ná owó ìtọ́jú rọ́bà yẹn, ẹ fi sterndrive sílẹ̀, kí ẹ ra outboard tí kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀ ní ìdí ọkọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín náà. Bí mo bá sọ ní kíláàsì pé iṣẹ́ bàbá mi ni mo fẹ́ kọ́ lẹ́yìn ìwé mi, àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ ka ìmọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ló wà nínú ẹ̀rín yẹn àti nínú ìjà ọjọ́ Sátidé. À ń bọ orúkọ, a kò bu ọlá fún ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́kọ̀ gba orúkọ gbọ́ ju mẹkáníìkì tó ń bẹ̀ ẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí omi fi wọ inú ọkọ̀.

Ọ̀gá yẹn bínú sí wa nígbà tí bàbá mi kọ̀ láti sọ ọkọ̀ rẹ̀ sómi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi dúró de rọ́bà tuntun, kò sì kí wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìlàṣẹ, wọ́n sì bọ̀ ní ẹsẹ̀ gbígbẹ. Ní ti bùrọ̀dá awakọ̀ tó lé lọ, kò tíì rí iṣẹ́ ojú omi mìíràn títí di òní, torí ìròyìn pé ó ba ọkọ̀ jẹ́ ti kárí èbúté. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wà báyìí. Kò sí ẹni tó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe kọ àròkọ yìí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn, n ó kúnlẹ̀ kí wọn bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, n ó sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ rọ́bà ìdí ọkọ̀ yín gbẹ̀yìn?"